Ọjọ́ Ni Kó O Kọ́kọ́ Kà, Kó O Tó Ka Owó

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 27 ni mí, Yábà ni mò ń gbé, ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń dá àjọ nítorí ohun kan ṣoṣo: mo fẹ́ rìn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù láti ìlú dé ìlú, láì dá ọjọ́ tí n ó padà. Ibi tó bá wù mí ni n ó ti pẹ́, ìgbà tówó bá tán ni n ó forí lé ilé. Lẹ́yìn owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti físà, nǹkan bíi 3,000 yúrò ló máa ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Ṣé ó lè ṣeé ṣe? Ìyá mi ní orí mi ti dàrú. Èmi àbúrò yín obìnrin, Yábà.*

Àbúrò mi, orí rẹ kò dàrú rárá. Ó ṣeé ṣe. Ní 2023, nígbà tí mo pé ẹni ọdún 48, mo fa ìsọ̀ aṣọ mi ní Balógun lé àbúrò ọkọ mi lọ́wọ́, mo sì lọ lo ọjọ́ 73 lọ́hùn-ún. Mo padà dé Èbúté Mẹ́ta tówó díẹ̀ ṣì kù lápò mi. Adùn ìrìnàjò yẹn ò tíì tán lẹ́nu mi dòní, ìdí nìyẹn tí mo fi gba ojú ìwé yìí nígbà tí wọ́n fi lọ̀ mí.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tó ń kọ mí lóminú: "láì dá ọjọ́ tí n ó padà." Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Jámánì lè sọ bẹ́ẹ̀. Àwa tó jẹ́ pé aláwọ̀ ewé la mú dání, wọ́n ti bá wa dá ọjọ́ ká tó kúrò nílé. Físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan jọ ṣàdéhùn lé lórí, èyí tí à ń gbà fún ìgbafẹ́, ọjọ́ 90 ló pọ̀ jù láàárín ọjọ́ 180 èyíkéyìí. Kì í ṣe ọjọ́ 90 fún Sípéènì, ọjọ́ 90 mìíràn fún Ítálì o. Gbogbo orílẹ̀-èdè 29 tó wà nínú àdéhùn yẹn ló jọ ni ọjọ́ náà. Bó o bá lo 30 ní Sípéènì, 60 ló kù fún gbogbo ìyókù. Ọjọ́ tó o wọlé wà nínú kíkà, ọjọ́ tó o jáde náà wà nínú rẹ̀. Láti 12 oṣù Kẹwàá, 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gba ìka àti àwòrán ojú àlejò ní ẹnubodè. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé, a kì í sì í bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ 90 yẹn gan-an, òkè pátápátá nìyẹn. Wọ́n lè kọ 12 sí tìrẹ, wọ́n lè kọ 30. Ohun tó o bá fi ìwé rẹ hàn pé o fẹ́ ṣe ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ọjọ́ 75 lo fẹ́, jókòó kó o kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìlú wo, alẹ́ mélòó, ọkọ̀ wo. Kó jẹ́ òótọ́, kí owó inú báǹkì rẹ sì lè gbé e. Orílẹ̀-èdè tó o máa pẹ́ sí jù lọ ni kó o kó ìwé fún. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò ni wọ́n ti ń gbà á, ó pẹ́ tán ọjọ́ 15. 90 yúrò ni owó físà láti oṣù Kẹfà 2024, owó iṣẹ́ àwọn tó ń gbàwé sì lọ́tọ̀. Ìnṣọ́ránsì tó o bá rà gbọ́dọ̀ lè gbé ìtọ́jú tó tó 30,000 yúrò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá ọ ṣe ìwé hòtẹ́ẹ̀lì ayédèrú, sá fún un. Mo mọ ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ba físà tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ jẹ́.

Ìgbà tí físà bá jáde, ìlà mẹ́ta ni kó o kà lórí rẹ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ tó parí, iye ọjọ́ tó o lè lò, àti iye ìgbà tó o lè wọlé. Ìlà kẹta yìí lèmi ò kà dáadáa. Mo wà ní Bari, ìlú etíkun kan ní gúúsù Ítálì. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan máa ń gbéra níbẹ̀ lálẹ́ lọ sí Durrës ní Albéníà, ilẹ̀ tí kò sí nínú Schengen. Mo ti sanwó, báàgì mi wà lẹ́yìn mi. Obìnrin tó ń yẹ ìwé wò ṣí ojú ewé físà mi, ó fi bírò tọ́ka sí nọ́ńbà kan, ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi kí n lè rí i: 01. "Uno," ló wí. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ní kí n wọlé. Bí mo bá jáde, mi ò lè padà, bẹ́ẹ̀ láti Madrid ni tíkẹ́ẹ̀tì ilé mi ti máa gbéra. Mo jókòó sórí báàgì mi ní èbúté yẹn títí ọkọ̀ fi lọ. Mò ń wo iná rẹ̀ lórí omi bí a ṣe ń dúró ní Mẹ́rínà wo ọkọ̀ tó ń wọ Àpápá. Owó náà wọgbó.

Bó bá jẹ́ MULT (ìyẹn ni pé o lè wọlé lọ́pọ̀ ìgbà) ni wọ́n kọ sí tìrẹ, inú ìlà yẹn gan-an ni òmìnira tó ò ń wá wà. Albéníà máa ń gba ẹni tó ní físà Schengen oníwọlé-wọ̀de tó ti lò rí, ọjọ́ tó o bá sì lò níbẹ̀ kò sí nínú 90. Ṣáà béèrè lọ́wọ́ ẹ́ḿbásì wọn kó o tó sanwó ọkọ̀.

Ká wá bọ́ sórí owó. Mú 300 pamọ́, má fọwọ́ kàn án. Ó ku 2,700. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 75 ni wọ́n fún ọ, 36 yúrò ni òòjọ́ rẹ. Ní Paris tàbí Amsterdam, ibùsùn nìkan lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ ni pé ẹsẹ̀ ló ń jẹ owó arìnrìnàjò, kì í ṣe ẹnu. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo bá pàdé tówó wọn tètè tán, ìlú mẹ́wàá ni wọ́n ń sáré lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mú ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó o fìdí kalẹ̀.

Granada ní gúúsù Sípéènì ni mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibùsùn kan nínú yàrá ẹni mẹ́jọ, 18 yúrò ni wọ́n pè é lálẹ́. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fẹ́, mo sì ná an bí mo ṣe ń ná òṣùwọ̀n aṣọ ní Balógun. A parí sí 14. Ilé ìdáná wà níbẹ̀ tí gbogbo àlejò jọ ń lò. Pẹpẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì tí ẹni tó bá ń lọ máa ń kó oúnjẹ tó ṣẹ́ kù sí, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un: ìrẹsì ìdajì àpò, àlùbọ́sà, òróró tó ku ìka méjì nínú ìgò. Èmi ti di ata gbígbẹ lílọ̀ láti ilé, tòmátò wọn pọ́n, ó sì dọ́ṣọ̀. Nígbà tí ọbẹ̀ mi bá ta sánsán, àwọn ará yàrá á yọjú. (Má di ẹran tàbí wàrà kankan o, wọn kì í jẹ́ kó wọlé.) Lálẹ́, bó o bá ra ohun mímu kan ní Granada, wọ́n á gbé àwo oúnjẹ kékeré kan tì í lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìlú yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn látayébáyé.

Kraków ní Pólándì ni mo ti pẹ́ jù. Wọn kì í ná yúrò níbẹ̀, złoty ni owó wọn. Wá ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní *bar mleczny*. Ìjọba ló ń fowó ràn án lọ́wọ́, nítorí náà òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti arúgbó ló ń tò síbẹ̀, bí a ṣe ń tò sídìí ìyá oníràísì ní Ọ̀yìngbò. *Pierogi* ni kó o béèrè, ìyẹ̀fun tí wọ́n di ọ̀dùnkún sínú. Ó máa ń gbé inú ró títí di alẹ́.

Láti ìlú kan sí èkejì, bọ́ọ̀sì alẹ́ dára, torí ó fi owó ibùsùn kan pamọ́ fún ọ. Má wọ̀ ọ́ lálẹ́ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ẹsẹ̀ á wú. Ní Luxembourg, ọ̀fẹ́ ni bọ́ọ̀sì àti rélùwéè láti 2020. Ní Róòmù, omi ẹ̀rọ ìgboro ṣeé mu, gbé ìgò rẹ dání. Prado ní Madrid, ilé àwòrán ńlá yẹn, ọ̀fẹ́ ni wákàtí méjì tó kẹ́yìn kí wọ́n tó tilẹ̀kùn.

Wọ́n á sọ fún ọ pé o lè bá wọn tẹ́ ibùsùn tàbí kórè oko kí wọ́n lè fún ọ nílé sùn. Má ṣe é. Físà ìgbafẹ́ kò fún ọ láṣẹ iṣẹ́, ibi tó o ti fẹ́ fi 15 yúrò pamọ́ lo lè ti sọ físà ọdún tó ń bọ̀ nù.

Ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀ tó ṣeé yí ọjọ́ rẹ̀ padà, wọ́n lè béèrè rẹ̀ ní ẹnubodè. Ní ti ìyá rẹ, jókòó tì wọ́n, kó o ka ètò ọjọ́ rẹ sí wọn létí láti ìlú kan dé èkejì, kó o sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ìyá tèmi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, wọ́n ń fi bírò pa á rẹ́ lójoojúmọ́.

*Ẹni ọdún 64 ni mí, Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé wa. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Hamburg ni mò ń lọ fún gbogbo oṣù Karùn-ún. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ra páàsì Eurail fún mi, ìyẹn páàsì tí wọ́n fi ń wọ rélùwéè káàkiri Yúróòpù. Ṣé ó tọ́? Alàgbà, Ìsàlẹ̀ Èkó.*

Ẹ kú oríire ìrìnàjò, bàbá. Eurail dára fún ẹni tó máa la orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọjá, ó sì máa ń dín owó kù fún ẹni tó ti pé 60. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa fi Hamburg ṣe ibùdó, Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù ti Jámánì, ni kó rà fún yín lórúkọ yín. 63 yúrò ni fún oṣù kan láti oṣù Kìíní 2026. Ẹ lè fi wọ bọ́ọ̀sì àti rélùwéè inú ìlú káàkiri Jámánì, títí dé àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kọ RE tàbí RB sí. Ẹ lè fi lọ Lübeck kẹ́ ẹ padà kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀. Ẹ má fi wọ ICE, rélùwéè asáré tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, o, kò bá a mu. Kó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù. Ẹ rán an létí pé wọ́n á máa yọ owó náà lóṣooṣù ni, kó fagi lé e kí ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún tó kọjá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á yọ ti oṣù Kẹfà nígbà tí ẹ ti padà sílé.