Èsì: Kí ló dé tí iná ń jó oko kòkó báyìí?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ló fà á tí iná ọyẹ́ fi ń wọ oko kòkó tí bàbá yín fi sílẹ̀, tí kì í sì wọ̀ ọ́ láyé wọn.

Ọ̀dá wà níbẹ̀ o. Iná ọ̀dá ọdún 1983 jó oko kòkó láti ilẹ̀ wa títí dé Gánà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ tó kúrò lóko. Kòkó tí wọ́n ń ro, tí orí rẹ̀ pàdé lókè, ibòji ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ewé tó já sílẹ̀ á rin, iná ò ní rí nǹkan jẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ sí Èkó, tí àwọn tó kù di ọlọ́kadà, igi tó kú ò ní arọ́pò mọ́. Oòrùn wọlé, ewé Akíntọ́lá gbalẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ kan ní oṣù kejì: á dún pàù, ewé rẹ̀ á rún mọ́ yín lọ́wọ́. Orí rẹ̀ ni iná máa ń gbà gun kòkó.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sun igbó tó ṣán á ké sí àwọn alábàágbé, wọ́n á jọ dúró tì í. Lónìí, ọdẹ ń finá lé ọ̀yà, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ó ń dùn mí gan-an.

Ẹ bẹ ẹnì kan lábúlé kó ro etí oko náà yíká ní oṣù kọkànlá, kó gbá ewé gbígbẹ kúrò títí ilẹ̀ á fi hàn. Bí òjò bá dé, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ibi tó ṣófo. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í tètè gbẹ.