Ìka Ọmọ Mi Ń Ṣiṣẹ́, Ṣé Ọwọ́ Rẹ̀ Ṣì Lè Kán?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, já bọ́ láti orí igi máńgòrò ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kanlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú díẹ̀, kò sì fẹ́ fi gbé nǹkan. Ìyá ọkọ mi ní kò kán, nítorí pé ó ń ju ìka rẹ̀ dáadáa, pé kí n máa fi róòbù wọ́ ọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ìyá ọmọ, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ohun tí màmá sọ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà gbà gbọ́, nítorí náà ẹ má tìtorí rẹ̀ bá wọn jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Láti apá, nítòsí ìgúnpá, ni púpọ̀ nínú iṣan tó ń ju ìka ti wá, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n kàn gbà kọjá; eegun ibẹ̀ lè ti kán kí ìka sì máa ṣiṣẹ́. Ti ọmọdé tilẹ̀ tún ń tanni jù, nítorí pé eegun wọn dà bí ẹ̀ka igi tútù tó lè sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìdá sí méjì, tí ọwọ́ kò ní tẹ̀, tí wíwú rẹ̀ kò sì ní pọ̀.

Ẹ fi ìka kan ṣoṣo tẹ ojú eegun náà jẹ́jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ojú kan pàtó ló ti ń ké, tí ó sì ń kọ̀ láti fi ọwọ́ náà gbé ife omi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kà á sí ẹni tí eegun rẹ̀ kán títí tí X-ray yóò fi sọ nǹkan mìíràn. Bí ọwọ́ bá tẹ̀, tàbí tí eegun ń ha ara wọn nígbà tí ó bá mira, kò sí iyàn níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jáwọ́ nínú róòbù. Ẹ fi páálí tó le gbé ọwọ́ náà láti ìgúnpá dé àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi gèlè gbé e kọ́ ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Bí X-ray àkọ́kọ́ kò bá fi nǹkan hàn, tí ìrora kò sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14, ẹ ní kí wọ́n tún un yà.

Mo mọ̀ pé ilé àwọn tó ń to eegun lè sún mọ́ yín ju ilé ìwòsàn lọ, n kò sì sọ pé wọn kò mọ nǹkan kan. Ìdì pinpin tí àwọn mìíràn nínú wọn máa ń fi igi pẹlẹbẹ dì ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí ó ti mú kí wọ́n gé ọwọ́ àwọn ọmọ tó jẹ́ pé eegun wọn ìbá ti jinná. Ẹni yòówù kó di ọwọ́ náà, ẹ máa tẹ èékánná ọmọ kí ó funfun: bí pupa rẹ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, bí ìka bá tutù tàbí tó kú tí kò mọ̀ ọ́n lára, tàbí tí ìrora ń le sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.