"Bí eégún ẹni bá jó're": orí ta ló ń yá gan-an?

Ìbéèrè tí ọmọbìnrin kan fi ránṣẹ́ sí mi nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹnìkan fi fídíò àwọn ọkùnrin dúdú méjì kan ránṣẹ́ sí wa, àwọn tó ń fò kọjá lórí ara wọn lórí àtẹ̀gùn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé 'Bí eégún ẹni bá jó're, orí a máa yá ni.' Mo sì gbọ́ lórí rédíò pé ìtumọ̀ òwe yẹn ni pé tí èèyàn ẹni bá ń ṣe dáadáa, ká máa fi yangàn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àwọn wo sì ni oníjó náà?"

Ọmọ mi, èmi náà gbọ́ ètò rédíò yẹn. Inú bí mi débi pé mo pa rédíò ọ̀hún, tíì mi sì tutù sórí tábìlì. Fi yangàn kẹ̀! Ṣé ìyangàn ni wọ́n ń pè ní orí yíyá báyìí? Tí orí èèyàn bá wú, ohun tó rí ló jọ ọ́ lójú, ó lè jókòó sójú kan kí orí rẹ̀ máa wú. Ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ bá yá, ó fẹ́ ṣe nǹkan ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní gbélẹ̀, ọwọ́ á máa yún un. Ọ̀rọ̀ méjì ni o, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé wọ́n ti gé òwe náà nírù. Bí àwọn àgbà ilé wa ṣe ń pa á ni pé: "Bí eégún ẹni bá jó're, orí a máa yá atọ́kùn rẹ̀." Atọ́kùn, ẹni tó ń tọ́ eégún sọ́nà, ni òwe yìí ń bá wí, kì í ṣe gbogbo èrò ọjà. Ẹni tó sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìyangàn lórí rédíò yẹn, atọ́kùn ètò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ rẹ̀! Òun gan-an ló wà nínú òwe, kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà, atọ́kùn, ti kó lọ sí ilé rédíò, ó sì fi ìdí eégún sílẹ̀ lófo.

Àbúrò bàbá mi ni atọ́kùn eégún ilé wa. Mo lè tó ọmọ ọdún 8 nígbà náà. Ojú àwọ̀n ni eégún fi ń ríran, kò sì rí púpọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni bàbá yìí máa ń rìn níwájú rẹ̀, àtòrì lọ́wọ́, láìwọ bàtà, tí á máa sọ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé òkúta ń bẹ lọ́tùn-ún, kòtò ń bọ̀ níwájú. Lọ́dún kan, eégún wa ta òkìtì mẹ́ta léra wọn lórí ilẹ̀ pupa tó gbẹ kankan. Gbogbo ọjà hó. Èmi ò tiẹ̀ wo eégún mọ́, bàbá yìí ni mò ń wò. Ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń kà nǹkan. Bí eégún bá ti gbéra, gìgísẹ̀ tirẹ̀ náà á gbéra. Bùbá ọrùn rẹ̀ tutù rinrin. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi òrí ra orúnkún rẹ̀, orúnkún ẹni tí kò jó ijó kankan. Orí yíyá nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn tẹ́ ẹ rí nínú fídíò yẹn ni wọ́n ń pè ní Nicholas Brothers, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Wọ́n bí Fayard, ẹ̀gbọ́n, ní ìlú Mobile, ní Alabama, lọ́dún 1914. Harold dé ní Winston-Salem, ní North Carolina, lọ́dún 1921. Onílù ni Ulysses, bàbá wọn. Dùùrù ni Viola, ìyá wọn, ń tẹ̀. Wọ́n jọ ń darí àwọn olórin ní Standard Theatre ní Philadelphia, ibẹ̀ sì ni Fayard ti ń jókòó níwájú láti kékeré, tó ń wo gbogbo oníjó dúdú tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Tó bá délé, á gbìyànjú ohun tó rí. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ijó kankan. Ọmọ Àyàn tí wọ́n bí sídìí ìlù, ta ní ń kọ́ ọ? Nígbà tí tirẹ̀ mọ́ ọn lára tán, ó kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Dorothy, ó sì kọ́ Harold. Dorothy ò bá wọn jó pẹ́ títí. Ó wá ku àwọn ọkùnrin méjèèjì.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ? Fayard ni atọ́kùn. Harold ni eégún. Ẹ lè ní mo ń fi tipá mú un, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sáà wo fídíò náà dáadáa kẹ́ ẹ tó bá mi jà.

Ijó tí wọ́n ń jó, tap ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún: irin pẹlẹbẹ ń bẹ lábẹ́ bàtà, ẹsẹ̀ ní ń lùlù. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Lọ́dún 1739, àwọn ẹrú ṣọ̀tẹ̀ lẹ́bàá odò Stono ní South Carolina, tìlù tìlù ni wọ́n sì rìn. Lọ́dún 1740, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ṣòfin pé ẹrú kò gbọdọ̀ lu ìlù mọ́. Wọ́n gba ìlù, wọn ò lè gba àtẹ́lẹ́sẹ̀. Pátákó ilẹ̀ di awọ, gìgísẹ̀ di bílálà. Àwọn ará Ireland náà ní ọwọ́ nínú bí tap ṣe rí lónìí, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Ulysses, ohun tí mò ń sọ fún ara mi ni pé bàtà ti di bàtá. (Kí ẹnikẹ́ni má lọ kọ ọ́ síbì kan pé mo ní ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì o. Àmì ohùn wọn yàtọ̀, ẹ kọ́ àmì ohùn.)

Lọ́dún 1932 ni wọ́n wọ Cotton Club, ilé fàájì kan ní Harlem, ní New York. Ọmọ ọdún 11 ni Harold. Àwọn dúdú ló ń jó níbẹ̀, àwọn òyìnbó nìkan ló ń jókòó wò wọ́n. Sinimá tẹ̀ lé e, tíátà Broadway tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di 1940 wọ́n ti wà ní Hollywood. Èyí tẹ́ ẹ wò yẹn, inú sinimá Stormy Weather ti ọdún 1943 ló ti jáde. Cab Calloway ló ń kọrin. Wọ́n gba àárín àwọn olórin kọjá, wọ́n ń tẹ orí ohun tí wọ́n ń gbé ìwé orin lé bí ẹni ń tẹ òkúta la odò kọjá, wọ́n gun orí dùùrù, wọ́n fò sílẹ̀. Àtẹ̀gùn wá kàn, fífẹ̀, gíga. Ọ̀kan á dúró, ìkejì á fò kọjá lórí rẹ̀, á balẹ̀ sórí èyí tó wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn, itan méjèèjì á lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Kò ní fọwọ́ kan ilẹ̀ kó tó dìde. Bó ṣe ń dìde lọ́wọ́ ni ìkejì ti ń fò kọjá lórí tirẹ̀, títí wọ́n fi délẹ̀. Fred Astaire, tó jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí, sọ fún wọn pé òun ò rí irú rẹ̀ rí nínú sinimá olórin.

Síbẹ̀, ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń gé ijó wọn kúrò torí pé dúdú ni wọ́n, kí wọ́n tó gbé sinimá náà sójú. Ìdí nìyẹn tí ijó wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ìtàn sinimá: kí àlàfo má baà hàn bí wọ́n bá yọ ọ́. Eégún ilé wa ń jó, ó sì ń sọ̀rọ̀, ó ń súre fún aboyún. Eégún tiwọn lọ́hùn-ún, wọ́n ní kó wá jó, kó pa ẹnu mọ́, kó sì kúrò lójú agbo. Wọ́n bá Gene Kelly, oníjó òyìnbó, jó nínú sinimá The Pirate ní 1948, wọ́n tún gé ìyẹn náà láwọn ìlú kan. Harold lọ gbé ní Paris.  Ọdún 1991 ni Amẹ́ríkà tó fi Kennedy Center Honors, àmì ẹ̀yẹ fún àwọn òṣèré, dá wọn lọ́lá, nígbà tí irun ti funfun.

Ẹni tó fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí yín ṣe dáadáa, ó kàn gé òwe náà kù ni. Lóde òní, gbogbo agbo ló di eégún, kò sí ẹni tó fẹ́ rìn sẹ́yìn níwájú ẹnìkan. Ẹ wo òde àríyá: ọmọ ń jó, bàbá ń ya fídíò ara rẹ̀.

Harold kọ́kọ́ lọ, ní 2000. Fayard tẹ̀ lé e ní 2006. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ wò wọ́n, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà kan ná. Ọwọ́ Fayard ni kẹ́ ẹ wò. Ọwọ́ ọ̀hún kì í dúró, ó ń fẹ̀, ó ń yí, ó ń tọ́ka, bí ẹni pé àtòrì ń bẹ níbẹ̀.