Má gbé oògùn ẹ̀gbọ́n rẹ mì

Àbúrò mi aránṣọ Ìgbóná,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bí o ṣe kọ ọ́ gan-an ti sọ nǹkan fún mi: o bẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ rẹ, o bọ́ sórí aṣọ ẹbí tó yẹ kó jáde ní Sátidé tí o kò tíì gé, kí o tó padà sórí ọkọ, ìrẹsì ti jóná. O ní láti kékeré ni, pé àwọn tíṣà máa ń kọ ọ́ sí káàdì rẹ pé orí rẹ pé ṣùgbọ́n ọkàn rẹ kì í sí ní kíláàsì. Ọkọ rẹ ní o kò ka nǹkan sí. Ìyá ọkọ rẹ ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní London, tí dókítà sọ fún pé ó ní ADHD, ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọkàn dúró sójú kan, fẹ́ fi díẹ̀ nínú oògùn rẹ̀ rán ẹnì kan sí ọ. Ṣé kí o lò ó?

Má lò ó o. Methylphenidate tó ń lò yẹn ti ran ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lè mú kí àyà máa sáré, kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i, kó lé oorun lọ, kí oúnjẹ má sì wu èèyàn jẹ. Ìwọ sì sọ ọ́ ní gbólóhùn kan péré pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru láti ìgbà oyún àbígbẹ̀yìn. Gbólóhùn yẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ. Òfin Ìlú Ọba pàápàá kò gbà á láyè láti fún ẹlòmíràn ní oògùn náà.

Ìfura ẹ̀gbọ́n rẹ lè jóòótọ́, torí ADHD máa ń rìn nínú ìdílé, a sì máa ń tètè gbójú fo obìnrin tí kì í sáré kiri. Ṣùgbọ́n àìsùn tó, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìṣòro thyroid, ẹ̀yà ara kan ní ọrùn, náà lè fọ́n ọkàn ká. Lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital ní Òṣogbo, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH, kí wọ́n kọ̀wé fún ọ lọ bá dókítà ọpọlọ. Bí wọ́n bá ní kí o lọ sí Ifẹ̀, kò jìnnà. Mú káàdì ilé ìwé rẹ dání, kí màmá rẹ sì bá ọ lọ, torí wọ́n á fẹ́ mọ bí o ṣe rí kí o tó pé ọdún 12. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ADHD hàn. Tójú bá ń tì ọ́, ẹni tó bá rí ọ níbẹ̀, kí lòun náà wá ṣe?

Bí dókítà bá kọ oògùn, bi í pé èwo lo máa rí rà lóṣooṣù, eélòó sì ni. Methylphenidate tó ń tètè ṣiṣẹ́ máa ń tán lára lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 4. Atomoxetine, oògùn ADHD mìíràn, lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jọ ohun tó ń ṣiṣẹ́.

Oògùn kò ní bá ọ gé aṣọ ṣá. Fi ìwé ọjọ́ ìgbàṣọ lé ọmọṣẹ́ rẹ tó dàgbà jù lọ́wọ́, kó máa fi pín-ìn-nì kọ́ ọjọ́ mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan lára. Kí òun náà jókòó tì ọ́ nígbà tí o bá ń gé. Ẹ bá oníkẹ̀kẹ́ kan tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa ṣàdéhùn, kó máa gbé ọmọ wálé láti ilé ìwé.

Ọkọ rẹ ńkọ́? Má ṣàlàyé fún un láàárín ìjà. Jẹ́ kó bá ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀. Lójú tèmi, èébú tó ń bú ọ ti gba ìgboyà lọ́wọ́ rẹ ju ìgbàgbé lọ. Kó máa rán ọ létí nǹkan láìfi bàbá rẹ kún un. Ìyá ọkọ rẹ lè máa gbàdúrà, a fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó po àgbo mọ́ oògùn dókítà.

Pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Bó bá fẹ́ ṣe ọ́ lóore, owó ìtọ́jú ni kó fi ránṣẹ́. Pè é báyìí, kí o tó padà sídìí ẹ̀rọ, torí bí o bá ní ó di alẹ́, èmi àtìwọ la mọ̀.