Ata rodo mélòó ló tó ìkòkò ọbẹ̀ kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé. Ata rodo mẹ́fà ni mo máa ń lọ mọ́ tàtàṣé àti tòmátì bí mo bá fẹ́ se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀. Iye tí mo lò lọ́sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn, àmọ́ ọbẹ̀ náà ta débi pé ẹkún ni àwọn ọmọ ń sun nídìí iyán. Mo bu omi sí i, kò gbọ́. Mo gbé e padà síná kó lè jinná dáadáa, ńṣe ló tún le sí i. Ìyá ọkọ mi ní kí n sọ kán-ún sí i, aládùúgbò wa ní ṣúgà ni. Kí ni kí n ṣe sí èyí tó wà nílẹ̀, báwo ni n ó sì ṣe ṣe é tí kò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Kí ìyá ọkọ yín má bínú, kán-ún ò lè ran ọbẹ̀ yìí lọ́wọ́, adùn rẹ̀ ló máa bà jẹ́. Ṣúgà lè tan ahọ́n jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ọbẹ̀ tó dùn bíi mínírà jẹ iyán?

Ohun tó ń jẹ́ kí ata ta, tí wọ́n ń pè ní capsaicin, kì í bá omi rẹ́. Epo ló ń bá rẹ́, iná ìdáná kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Nígbà tí ẹ gbé ọbẹ̀ padà síná, omi tí ẹ bù sí i gbẹ lọ, ata ò bá a lọ. Ìdí tó fi le sí i nìyẹn.

Ojú epo ni kí ẹ ti bá a jà. Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ títí epo á fi léfòó, kí ẹ wá fi ṣíbí rọra bu epo orí rẹ̀ kúrò. Títa tó máa bá epo yẹn lọ kì í ṣe kékeré. Ẹ má dà á nù o! Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ó dáa fún iṣu sísè àti ẹ̀wà àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ tàtàṣé àti tòmátì mìíràn láìfi rodo kankan sí i, ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, ẹ fi òróró tuntun àti àlùbọ́sà rẹpẹtẹ dín in, kí ẹ dà á mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ẹ bù fún aládùúgbò tó dá ṣúgà lábàá. Ẹ tún lè gé wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà sínú rẹ̀. Ọmọ tí ata ń ta lẹ́nu, ẹ fún un ní mílíìkì tàbí nónò díẹ̀. Omi kàn máa tan títa náà káàkiri ẹnu ni.

Ní ti kíka ata, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1912, ará Amẹ́ríkà kan, Wilbur Scoville, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti fi díwọ̀n títa ata. Lórí ìwọ̀n yẹn, irú ata tí rodo wa jẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti 100,000 kó sì dé 350,000. Ìyẹn ni pé ata kan lè ṣe iṣẹ́ ata mẹ́ta. Èyí tí òùngbẹ gbẹ lóko sì sábà máa ń ta ju èyí tó ń rí omi mu déédéé lọ. Mẹ́fà ti oṣù tó kọjá àti mẹ́fà ti ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́.

Tí ẹ bá ti ọjà dé, ẹ la ẹyọ kan ní òòró. Ẹ ó rí awọ funfun tí kóró so mọ́, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi ata. Ibẹ̀ gan-an ni títa wà. Kóró tí gbogbo ayé ń di ẹ̀bi rù, fífi ara kan awọ yẹn ló jẹ́ kóun náà máa ta. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kan awọ náà, kí ẹ fi kan ahọ́n. Ẹ má tọ́ ìsàlẹ̀ ata wò, ìsàlẹ̀ kì í sòótọ́. Bó bá jó yín gan-an, ẹ fi ṣíbí kékeré ha awọ funfun náà kúrò nínú ata mẹ́rin, kí ẹ fi méjì sílẹ̀ bó ṣe wà. Òórùn dídùn rodo ò ní lọ, torí ó wà lára ẹran ata náà. Fún ọbẹ̀ ẹja olómi, odindi rodo kan tí kò bẹ́ ni mo máa ń jù sí i, tòun tigi rẹ̀, màá sì yọ ọ́ kó tó rọ̀.

Ata gbígbẹ tí a gún ní tirẹ̀, omi ara rẹ̀ ti lọ, nítorí náà ṣíbí kékeré kan kì í ṣe ata kan ṣoṣo. Ẹ máa fi í díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kó hó díẹ̀ kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Tí ẹ bá sì ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ pe ẹlòmíràn wá bá yín tọ́ ọ. Ahọ́n yín ti kú.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìbejì lẹ ń wẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ tí ẹ fi ha ata kàn wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi òróró tàbí àdín pa ọwọ́ dáadáa, títí dé abẹ́ èékánná, ẹ nù ún, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀ sọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.