Ògiri yàrá abẹ́ ilẹ̀ mi ti yọ ikùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà, ni mo ra ilé àtijọ́ kan sí. Ògiri búlọ́ọ̀kù yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ti yọ ikùn wọ inú ilé tó ínǹṣì 3, ó sì lanu gbọọrọ níbùú. Agbaṣẹ́ṣe kan ní òun á gbẹ́ ìta, òun á ti ògiri padà, òun á sì da erùpẹ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó da erùpẹ̀ yẹn padà. Erùpẹ̀ náà gan-an ló ba ògiri yín jẹ́. Amọ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀ agbègbè yín: bó bá mumi, á wú, bí òtútù bá dé, omi inú rẹ̀ á di yìnyín, á tún fẹ̀ sí i. Ara ògiri ló ń fẹ̀ sí, búlọ́ọ̀kù tó ṣófo nínú kò sì lè gbà á dúró.

Ká ní kò tíì tó ínǹṣì 2 ni, òpó irin tí a nà mọ́ ọn láti inú ilé ì bá tó. Níbi tó dé yìí, mo fara mọ́ kí ẹ wó o, kí ẹ tún un mọ, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba ìlú.

Ẹ kọ́kọ́ pe 811, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè l'Amẹ́ríkà kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n wá sàmì sí ibi tí páìpù gáàsì àti wáyà gbà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi òpó gbé igi àjà dúró. Ẹ jọ̀ọ́, kòtò tó bá ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 5, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ láìfi pákó tàbí irin ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ máa ń ya bo èèyàn mọ́lẹ̀.

Kí wọ́n ki irin rọ́ọ̀dù àti kọnkéré sínú ihò búlọ́ọ̀kù tuntun, kí wọ́n kun ẹ̀yìn rẹ̀ kómi má wọlé, kí wọ́n tẹ́ páìpù oníhò sí ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀ láti gbé omi lọ.

Dída erùpẹ̀ lọ́jọ́ kejì kọ́! Kọnkéré gbọ́dọ̀ gan, igi àjà sì gbọ́dọ̀ ti so mọ́ orí ògiri. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó dà bí ẹni tí a tì láyà tí kò rí nǹkan dì mú. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí wọ́n dà sẹ́yìn rẹ̀, ínǹṣì 6 sí 8 lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n máa rọra kì í mọ́lẹ̀. Kí katakata jìnnà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà kan tó kù lókè ni amọ̀ yẹn wúlò fún: ẹ fi bò ó, kó dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé, kó fi ínǹṣì 6 rẹlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10. Kí ẹ sì fa ẹnu ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yín jìnnà; mo ti rí ògiri tuntun tó tún yọ ikùn nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni omi òrùlé ń dà sí.