Bí a ṣe lè jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ òjò Ògbómọ̀ṣọ́ létí

Ìbéèrè: Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi àti àwọn olùkọ́ jọ́gíráfì àti orin fẹ́ jọ kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń sọ iye di ìró, ṣùgbọ́n a kò ní kọ̀ǹpútà. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlànà yìí kò ṣàjèjì: ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há aláìsàn níka ní yàrá iṣẹ́-abẹ máa ń dún, ohùn rẹ̀ a sì máa lọ sílẹ̀ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń dínkù, kí dókítà lè mọ̀ láìgbójú kúrò lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Òjò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ jọ́gíráfì wá iye òjò oṣù kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan. Kí ọmọ kan máa mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fún oṣù kọ̀ọ̀kan, kí òmíràn sì máa lu agogo ẹlẹ́nu kan, ẹ̀ẹ̀kan fún mìlímítà 30. Bí oṣù kan bá ní mìlímítà 75, ìlù méjì àbọ̀ ló kàn án, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdajì ìlù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jiyàn lé e lórí títí wọn yóò fi fẹnu kò sí òfin kan, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìṣirò wà. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, wọn yóò gbọ́ bí agogo ṣe ń pọ̀ sí i láti oṣù kẹrin, bí ó ṣe rọlẹ̀ ní oṣù kẹjọ, bí ó ṣe tún gbéra ní oṣù kẹsàn-án, kí ó tó di pé ẹ̀ẹ̀rùn dé.

Mo mọ̀ pé gángan ni yóò kọ́kọ́ wá sí olùkọ́ orin lọ́kàn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ létí ọmọ Yorùbá. Ohun tí ìlù ń wí ni àwọn ọmọ yóò máa wá, iye òjò yóò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Níbi tí òjò kò bá ti rọ̀, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan máa lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò wọn òjò oṣù náà ni, ẹ pàtẹ́wọ́ dípò agogo, kí a má baà ka àìwọ̀n sí ọ̀dá.

Lẹ́yìn náà, ẹ lù ú fún kíláàsì mìíràn tí kò rí àkọsílẹ̀ yín, kí wọ́n ya gíráàfù ohun tí wọ́n gbọ́ sójú pátákó. Ibi tí tiwọn bá ti yàtọ̀ sí ti ìwé ni kí ẹ ti tún òfin yín ṣe.